Dókítà Tó Pa Bàbá Olóbì

Bí ẹ bá dé Òṣogbo, tí ẹ pàdé ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti táì nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ yáa kí i dáadáa. Dókítà Nehemiah Ògúnlẹ́yẹ ni. Ẹ má pè é ní Ọ̀gbẹ́ni o, kò ní í dáhùn. Ẹ má pè é ní Tíṣà, yóò wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn lẹ ń bá wí. Dókítà ló ń jẹ́. Ìyẹn náà, ó kàn ń jẹ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀ ni, títí wọn yóò fi sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ Iléṣà tó gbé ìwé dé Òṣogbo! Ògúnlẹ́yẹ a-fi-gẹ̀ẹ́sì-kí-ewúrẹ́! Ògúnlẹ́yẹ, erin inú ìwé, tó bá ń rìn, ojú ewé á máa mì! Ẹ má bi mí léèrè pé akéwì wo ló ki í báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilé wọn ní Iléṣà, ẹni tó ń ka ìfilọ̀ sọ lọ́jọ́ ìsinmi kan pé, "Arákùnrin Nehemiah Ògúnlẹ́yẹ wá dúpẹ́ fún ìrìn àjò àlọ àti àbọ̀." Arákùnrin Nehemiah nawọ́ sókè láàárín ìsìn. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, Dókítà ni. Wọ́n tún ìfilọ̀ kà, wọ́n sì tún àdúrà náà gbà lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ti àkọ́kọ́ ò mọ ilé tó ń lọ.

Kí n má bú u jù. Èmi tí mò ń ròyìn yìí náà ń jẹun lẹ́nu gègé, mo sì mọ bí oyè ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́fà ni Ògúnlẹ́yẹ ti wà lójú kan ní iléèwé gíga tó ti ń kọ́ni. Àwọn tó kọ́ ní A B D ti kọjá lára rẹ̀. Ìwé ìwádìí kan ṣoṣo ló kù tí ìgbìmọ̀ ìgbéga ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé yẹn bá jáde, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí kò bá jáde, yóò fẹ̀yìn tì ní Dókítà, bí ẹni tó jókòó sí ìdíkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò tí í ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ ló ń kọ́ wọn. Ó wá pinnu pé òun yóò kọ̀wé lórí kòkòrò tí í dá obì lu, nítorí pé obì ni ọlá Ìjẹ̀ṣà. Ìpinnu tó dára ni. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Ògúnlẹ́yẹ kò dé oko obì rí láyé rẹ̀. Bí a bá mú un dúró láàárín igi obì àti igi máńgòrò, ìgbà tí máńgòrò bá so ló máa tó mọ èyí tí kì í ṣe obì.

Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé ti wọ̀lú, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń gbé inú fóònù. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà mọ ilé rẹ̀. Ògúnlẹ́yẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí i pé kó bá òun ṣàlàyé bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pa kòkòrò obì láìlo oògùn òyìnbó. Kí ìyàwó rẹ̀ tó ro ẹ̀bà tán nínú ilé ìdáná, ojú ewé mẹ́rìnlá ti balẹ̀.

Ìwé náà dùn. Ó ní àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà a máa da obì sínú omi iyọ̀, wọn a sì gbé e ka iná títí yóò fi hó dáadáa, lẹ́yìn náà wọn a rọ́ ọ sínú agolo, wọn a dé e pa. Ògúnlẹ́yẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí gbọ́n o." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí." Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti ń rántí ọjọ́ tí òun kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a kàwé ṣe rí, bí a bá ti gbé ẹrù ẹlẹ́rù pẹ́ lórí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní tirẹ̀.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lókè òkun. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn olóòtú dá èsì padà. Wọ́n ní iṣẹ́ náà wu àwọn, ìbéèrè méjì péré ló kù. Èkíní, ta ló sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣe? Èkejì, ṣé ẹ lo ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá? Bí ẹ bá lò ó, kò burú rárá. Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó, kí ẹ sì sọ ohun tó bá yín ṣe.

Ògúnlẹ́yẹ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri pálọ̀. Julianah ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń ṣàtúnṣe ìwé àwọn ọmọ lórí tábìlì.

"Bàbá Wúrà, kí ló dé tí ẹ ń yí po bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí?"

"Wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tó bá mi kọ ọ́."

"Ẹ dárúkọ ẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ̀rọ ni, Julianah! Kí èmi, Dókítà, máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ? Ìwọ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìlọta rí?"

"Ẹ̀rọ ìlọta ò bá mi ro ohun tí mo máa sọ." Kò gbójú sókè kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀rọ yín yẹn náà ló bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí mo kà níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún wọn kí n tó kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyá ìjọ ní kí n wá fi han òun náà. Ó tán."

"Ìwọ kì í ṣe Dókítà."

"Lóòótọ́ ni. Ara sì tù mí."

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ògúnlẹ́yẹ mọ òwe yìí. Ó ti fi bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó pé bí òun bá kọ orúkọ ẹ̀rọ sínú ìwé, ìgbìmọ̀ lè gbé oyè náà fún ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi là.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ka ìwé àwọn onímọ̀ wa rí, ẹ ó mọ ojú ewé kan tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí a ti ń to orúkọ àwọn àgbà tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú. Abẹ́nà ìmọ̀ là ń pè wọ́n. Àwọn òyìnbó bẹ̀rù ojú ewé yẹn gidigidi. Bí wọ́n bá ti rí i pé ẹni tó sọ̀rọ̀ lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í bèèrè ìbéèrè mọ́. Àwa náà sì mọ̀ pé wọn kì í bèèrè.

Ògúnlẹ́yẹ kọ ọ́ pé: *Pa Fálẹ́yìmú, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, àgbẹ̀ olóbì, Ìwàrajà.* Orúkọ náà bọ́ sí i lẹ́nu wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yà á lẹ́nu bí ọpọlọ òun ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ní ti ìbéèrè kejì, ó kọ ọ́ pé: *Rárá. N kò lo ẹ̀rọ kankan.*

Ibẹ̀ ni ì bá dúró. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀mọ̀wé kì í mọ ní ìwọ̀n. Ó fi ìdúpẹ́ gígùn kan sí i, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Fálẹ́yìmú tó gba òun sílé, tó bu ẹmu fún òun, tó sì sọ àṣírí tí bàbá tó bí i sọ fún un. Bó ṣe ń kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tilẹ̀ pọ́n ètè lá, ó ní ẹmu ọjọ́ náà dùn.

Ìwé jáde. Gbogbo gúrúùpù Wáàsáàpù tó wà nínú fóònù Ògúnlẹ́yẹ ló gbà á, títí kan ti àwọn onílé àdúgbò níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Àwọn tí kò kà á kí i kú oríire. Àwọn tó kà á tí kò yé wọn kí i kú oríire lẹ́ẹ̀mejì.

Alága ìgbìmọ̀ ìgbéga ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá, obìnrin kan tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì bá jù ú lọ, yóò kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin yìí nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo iléèwé náà tí í bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ẹ̀yìn. Ó ní òun fẹ́ mọ àwọn tí òǹkọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí òun tó mọ ohun tó sọ. Ó ránṣẹ́ pe Ògúnlẹ́yẹ sí ọ́fíìsì.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìdúpẹ́ yín, ó wọ̀ mí lára. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín. Mo fẹ́ kí Bàbá Fálẹ́yìmú wá bá wa jókòó níbẹ̀, kí iléèwé bọlá fún wọn."

Inú Ògúnlẹ́yẹ kọ́kọ́ dùn sí gbólóhùn kẹta kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ìkẹrin.

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Ẹ̀yà! A ó mú nọ́ọ̀sì iléèwé dání lọ gbé wọn."

"Bàbá ò fẹ́ràn mọ́tò, mà."

"Àgbà nìyẹn. Kò burú, àwa la máa lọ bá wọn nílé."

"Bàbá..." Òógùn bọ́ sórí táì rẹ̀. "Bàbá ti dolóògbé, mà. Àìsàn yẹn náà ni."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kòkòrò obì ló fẹ́ pa ti pa èèyàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù. Ẹ sì mọ́kàn le, ẹ wá síbi iṣẹ́?"

"A ń fara dà á, mà."

Ògúnlẹ́yẹ rò pé ó parí síbẹ̀. Ọmọ Yorùbá gidi sì ni o! Ó yẹ kó mọ̀ pé láàárín wa, ikú àgbà kì í ti ilẹ̀kùn, ńṣe ló ń ṣí i. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó ní ìjókòó Ọjọ́bọ̀ ti yí padà. Ìwàrajà ni gbogbo ìgbìmọ̀ máa lọ kí ẹbí olóògbé. A kò lè jẹ ọgbọ́n èèyàn tán ká má dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé padà ni wọn yóò fọwọ́ sí ìwé ìgbéga rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé."

Nígbà tí Julianah gbọ́, ó gbé gègé pupa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn kí ọkọ̀ tó gbéra."

"Bí mo bá ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, màá sọ ọ́."

"Bàbá Wúrà, ẹ ti pààyàn o."

"Ẹni tí kò sí rárá ni mo pa. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ìyẹn?"

Ó ti ní ètò kan lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti dé Ìwàrajà, yóò wá ilé kan tí wọ́n ti àgádágodo mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Yóò na ìka sí i, yóò ní ibẹ̀ ni. Yóò ní àwọn ẹbí ti gbé òkú lọ sin sí Ifẹ̀wàrà ní ilé ìyá rẹ̀. Wọn yóò gbàdúrà lójú títì, wọn yóò yí ọkọ̀ padà. Ilé tí a tì, àdúrà kúkúrú, oyè gígùn. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara rẹ̀, ó ní bóyá ó yẹ kí òun náà máa gbé inú fóònù.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọkọ̀ iléèwé gbéra ní Òṣogbo pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà, gbogbo wọn wọ dúdú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá gbé ìwé ìkẹ́dùn kan sórí itan, ìwé ńlá tó ní èèpo dúdú, tí wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ sí fún ẹbí. Nínú báàgì rẹ̀ ni fáìlì Ògúnlẹ́yẹ wà. Bí wọ́n ṣe kọjá Iléṣà, ẹnìkan dá orin ìsìnkú sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn yòókù gbè é. Wọ́n ní kí Ògúnlẹ́yẹ má kọrin, pé ọ̀fọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára jù.

Wọ́n dé oríta Ìwàrajà. Ògúnlẹ́yẹ na ọrùn síta, ó ń wá àgádágodo. Ilé àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilé kejì, wọ́n ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kẹta kò tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Irú ìlú wo ni kò sẹ́ni tó jáde nílé yìí?

"Dókítà, ṣé a ti kọjá a ni?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá wí.

"Wọ́n ti tún ìlú ṣe, mà. Ojú ọ̀nà ti yí padà."

Obìnrin náà ní kí awakọ̀ dúró. Ìyá kan jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá Ọmọ́tárá ni wọ́n ń pè é, ó ti ń ṣòwò obì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo nilé Bàbá Fálẹ́yìmú?"

"Ulé Fálẹ́yìmú? Ẹ ò ríran ni?" Ìyá náà nawọ́ sí òdìkejì títì. "Orúkọ rẹ̀ rèé lára ògiri."

Ògúnlẹ́yẹ wò ó. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tó ìwọ̀n èèyàn: FÁLẸ́YÌMÚ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ, OLÓBÌ. Ìgbà náà ló rántí. Ní oríta yìí ló ti máa ń ra bọ̀ọ̀lì nígbàkígbà tó bá ń lọ Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ a sì máa wà lára ògiri náà títí bọ̀ọ̀lì yóò fi jinná. Òun tó ní ọpọlọ òun ló dá orúkọ náà sílẹ̀! Bó ṣe jí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ náà ló jí ọ̀rọ̀ ògiri.

Kó tó rí irọ́ mìíràn pa, gbogbo wọn ti sọdá. Ìyá Ọmọ́tárá rí aṣọ dúdú wọn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Bí àwọn aládùúgbò ṣe rí i tó ń tẹ̀ lé wọn, àwọn náà tẹ̀ lé e.

Nínú àgbàlá, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó obì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin inú ìgbìmọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà. Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù. Ọlọ́run á tu ẹbí nínú, á sì bá wa dá àwọn tó kù sí."

"Àmín, àmín. Ẹ ṣé é, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ló kú?"

"Bàbá wa ni, sà. Bàbá Fálẹ́yìmú."

Bàbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó ń gbọ́ bóyá ọkàn òun ṣì ń lù.

"Fálẹ́yìmú mélòó ló wà ní ìlú yìí? Èmi rèé. Ukú tèmi lẹ wá kí mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá yíjú sí Ògúnlẹ́yẹ, ìrètí ṣì wà lójú rẹ̀.

"Fálẹ́yìmú mìíràn ni, mà," ni Ògúnlẹ́yẹ wí. "Tèmi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

"Mo ti pé àádọ́rùn-ún," ni Bàbá wí. "O ṣé tí o bá mi dín in kù. Kí ni iṣẹ́ Fálẹ́yìmú tìrẹ?"

"Àgbẹ̀... àgbẹ̀ olóbì ni, sà."

Bàbá wo obì tó wà lórí itan rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ dárí jì wá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí rí?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Níbo ló ti mọ̀ mí?"

"Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ gba òun sílé, ẹ bu ẹmu fún òun, ẹ sì sọ àṣírí obì fún òun."

"Àṣírí wo?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá mú ìwé náà jáde, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Fálẹ́yìmú ní kí a da obì sínú omi iyọ̀. Kí a gbé e ka iná. Kí ó hó dáadáa.

"Kí wọ́n se obì?" Ìyá Ọmọ́tárá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Bí ẹni se ẹ̀pà?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan di òpó àgbàlá mú kó má baà ṣubú. Ògúnlẹ́yẹ, onímọ̀ kòkòrò, rí i pé ibì kan ṣì wà tí òun lè dúró sí.

"Ṣùgbọ́n kòkòrò á kú, mà. Ìyẹn dájú."

"Obì náà ńkọ́?" ni Ìyá Ọmọ́tárá bi í.

Kò sí èsì nínú ojú ewé mẹ́rìnlá.

Bàbá Fálẹ́yìmú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Láti ayé bàbá mi ni àwọn ará Ìpetu ti ń wá ra obì nínú ulé yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Fálẹ́yìmú ní kí wọ́n se obì, wọn á ní ọpọlọ mi ti lọ. Orúkọ yẹn nìkan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Ògúnlẹ́yẹ wolẹ̀. "Ẹ̀rọ ni, sà. Ẹ̀rọ inú fóònù."

"Ṣé ẹ̀rọ náà ò lórúkọ ni?"

"Ó ní, sà."

"Kí ló dé tí o ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?"

"Ojú ń tì mí, sà."

"Ojú ń tì ọ́ kí wọ́n ní ẹ̀rọ ló bá ọ ṣe é. Ojú ò tì ọ́ láti ní èmi ni mo sọ ọ́. Ojú ò tì ọ́ láti pa mí."

Ìtìjú mú Ògúnlẹ́yẹ nígbà náà, ìtìjú gidi tí kò ní Dókítà nínú. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá yọ fáìlì rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó wò ó, ó dá a padà, ó sì fa síìpù báàgì náà dé ìparí. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́ bí oyè náà ṣe lọ.

Bàbá ní kí ó kọ̀wé sí àwọn òyìnbó náà lójú ẹsẹ̀, níwájú òun, kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyìọlá ya ojú ewé kan nínú ìwé ìkẹ́dùn, torí kò sí òkú tó máa lò ó mọ́. Wọ́n da apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá dojú bolẹ̀ fún Ògúnlẹ́yẹ láti fi ṣe tábìlì. Ó mú gègé dání. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ́ lọ sínú àpò, ó mú fóònù jáde.

"Gbé e sílẹ̀," ni Ìyá Ọmọ́tárá wí.

Ó gbé e sílẹ̀ sáàárín èèpo obì. Ó wo ìwé. Ìwé wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti dá gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà wọ̀ ọ́. Ó kọ "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀," ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn èèyàn ti gun ògiri báyìí. Ẹnìkan bèèrè lẹ́yìn pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ní Dókítà kan ló ń gbìyànjú láti kọ̀wé.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ọmọ́tárá níkẹyìn. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Kọ ohun tí mo bá sọ. Kọ ọ́ pé: Èmi, Nehemiah Ògúnlẹ́yẹ..."

"Dókítà Nehemiah..."

"Nehemiah," ni Bàbá Fálẹ́yìmú wí.

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń kọ àpèkọ. Èmi, Nehemiah Ògúnlẹ́yẹ, ni mo parọ́. Ẹ̀rọ ló bá mi kọ ìwé obì, mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Bàbá Fálẹ́yìmú kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, kò sì kú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má se obì.

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tìtorí ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí kóra jọ, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ìgbéga. Ògúnlẹ́yẹ nu ojú rẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Ó kù," ni Bàbá wí. "Ta ló bá ọ kọ èyí?"

Ògúnlẹ́yẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ìyá yìí ni, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó tún tẹ̀ ba lórí apẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọmọ́tárá, oníṣòwò obì, Ìwàrajà, tó bá òun kọ ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbójú sókè, ó fi ohùn kékeré bèèrè ohun tó kù nínú àkọsílẹ̀ abẹ́nà ìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọjọ́ orí yín ńkọ́?"

Ìyá Ọmọ́tárá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé orí, ó ti ń lọ.

"Má kọ ọjọ́ orí kankan," ló wí. "Kọ ọ́ pé mo ṣì wà láàyè."